Bí Mo Ṣe Ń Ṣe Ẹ̀dà Kékeré Àgbá Napoleon ti Ọdún 1857

Kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà kékeré ìbọn àgbá àtijọ́ ló máa ń sáré lọ bá ọ̀pá ìbọn, torí òun ló ń dán, òun ló sì ń wu ojú. Ọ̀pá ìbọn kò le tó bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló le, kẹ̀kẹ́ ló sì ń sọ bóyá ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ibẹ̀ ni igi, irin àti ìṣirò ti pàdé. Ẹni tó bá ti ṣe kẹ̀kẹ́ méjì tó dúró dáadáa, ìyókù á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àgbá tí mo máa fi ṣàlàyé ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Napoleon, tó ń ta ọta oníwọ̀n pọ́n-ùn 12, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1857. Orúkọ Napoleon Kẹta, olú-ọba ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi sọ ọ́, torí pé àgbá tí àwọn ológun tirẹ̀ gbé jáde ní 1853 ni Amẹ́ríkà wò ṣe é. Nígbà tí ogun abẹ́lé wọn bẹ́ sílẹ̀, láti 1861 títí di 1865, àríwá àti gúúsù ló lò ó síra wọn. Mo yàn án torí pé ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ológun ìgbà náà, àwòrán rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ ojúlówó rẹ̀ sì ṣì wà láyé tí a lè fojú rí. Ẹni tó bá ṣe èyí tán lè ṣe àgbá ilẹ̀ èyíkéyìí láàárín ọdún 1830 sí 1870, torí pé ọgbọ́n kan náà ló wà nínú wọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin bí ẹ ṣe ń ka èyí. Kò sí ẹ̀yà kan lára àgbá yìí tó wà níbẹ̀ fún ẹwà. Gbogbo ihò, gbogbo ìkọ́, gbogbo bóòtù ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún àwọn ọmọ ogun tó dúró tì í. Kí ẹ tó gé igi fún ẹ̀yà kan, ẹ béèrè iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ó mọ ibi tó yẹ kó nípọn, ibi tó yẹ kó tín-ín-rín, ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ti dán, àti ibi tí ẹrẹ̀ máa ń dé.

Ìwọ̀n

Ìwọ̀n tí mo fẹ́ràn ni 1:16, ìyẹn ni pé ínṣì 16 lára ojúlówó á di ínṣì kan lára ẹ̀dà. Ní 1:35, tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ogun kéékèèké ń lò jù, kẹ̀kẹ́ àgbá yìí kò ní ju mìlímítà 41 lọ, bóòtù inú rẹ̀ á sì kéré ju ohun tí ọwọ́ lè ṣe lọ. Ní 1:6, kẹ̀kẹ́ nìkan á ga tó mìlímítà 241, ẹ ó sì máa wá ibi tí ẹ máa gbé e sí. 1:16 ni ọwọ́ ti lè ṣe gbogbo ẹ̀yà, tí ojú sì lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ínṣì kan lára ojúlówó máa di mìlímítà 1.59. Kẹ̀kẹ́ ga ní ínṣì 57, nítorí náà tiyín á jẹ́ mìlímítà 90.5. Ọ̀pá ìbọn gùn ní ínṣì 66 láìka kókó róbótó ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn mìlímítà 104.8. Ihò ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 4.62, ìyẹn mìlímítà 7.3. Ẹ ṣírò gbogbo ìwọ̀n tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní òwúrọ̀ tí ojú yín ṣì mọ́, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú yín. Ìṣirò tí èèyàn ń ṣe nígbà tí gọ́ọ̀mù ti wà lọ́wọ́ kì í bójú mu.

Àwọn àwòrán ìgbà ogun náà wúlò púpọ̀. Library of Congress ní Washington tọ́jú awo gíláàsì àwọn ayàwòrán bíi Mathew Brady àti Alexander Gardner, ẹnikẹ́ni sì lè gba ẹ̀dà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n mọ́ kedere débi pé bí ẹ bá fẹ̀ wọ́n, ẹ lè ka orí bóòtù. Ẹ gba ìrísí àti ipò nǹkan gbọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ má gba àwọ̀ gbọ́. Oògùn collodion tí wọ́n fi ń yàwòrán nígbà náà kì í rí pupa àti yẹ́lò dáadáa, búlúù ló ń tètè gbà. Ìdí nìyẹn tí idẹ fi máa ń dúdú nínú wọn, tí ojú ọ̀run sì máa ń funfun báláú.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwòrán òde òní náà. Ní pápá ìrántí ogun abẹ́lé náà ní Gettysburg, ojúlówó ni ọ̀pọ̀ ọ̀pá ìbọn tó wà níta, ṣùgbọ́n irin dídà ni ìjókòó àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé wọn lé. Igi kì í pẹ́ nínú òjò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rọ irin rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ẹni tó bá lọ wọn kẹ̀kẹ́ irin yẹn, tó wá fi igi ṣe é, á gbé kẹ̀kẹ́ tí ọmọ ogun kankan kò tì rí sórí tábìlì. Ẹ wọn ọ̀pá ìbọn níbẹ̀, kí ẹ wá kẹ̀kẹ́ onígi lọ sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Kẹ̀kẹ́

Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ní sípóòkù 14 àti igi etí 7, igi etí kọ̀ọ̀kan sì ń gba sípóòkù méjì. Igi ni họ́ọ̀bù àárín rẹ̀, irin róbótó sì dì í lámùrè kó má bàa là. Irin pẹlẹbẹ kan ló yí etí ká. Alágbẹ̀dẹ á mú irin náà gbóná, á fi bọ igi, bó bá ṣe ń tutù ló ń sún kì, tí yóò sì fún igi etí, sípóòkù àti họ́ọ̀bù pọ̀ di ara kan. Gbogbo agbára kẹ̀kẹ́ wà nínú ìfúnpọ̀ yẹn.

Ohun tí ojú máa ń fò ni pé kẹ̀kẹ́ náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti họ́ọ̀bù lọ sí etí, sípóòkù ń yọ síta díẹ̀díẹ̀, bí abọ́ pẹlẹbẹ tí ẹnu rẹ̀ kọ sí òde. Nígbà tí ẹṣin bá ń fa àgbá gba orí ilẹ̀ tó dagun, ẹrù á máa ti họ́ọ̀bù síta, kẹ̀kẹ́ tó tẹ́ á ṣẹ́, èyí tó yọ síta á gbà á mọ́ra. Apá irin tí kẹ̀kẹ́ ń yí lórí rẹ̀ náà tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí sípóòkù tó bá dé ìsàlẹ̀, tí òun nìkan ń gbé ẹrù ní ìṣẹ́jú náà, lè dúró ṣánṣán. Nítorí náà, bí ẹ bá wo àgbá náà láti iwájú, orí kẹ̀kẹ́ méjèèjì jìnnà síra ju ẹsẹ̀ wọn lọ. Bí ẹ bá fi eléyìí sílẹ̀, ẹ̀dà yín á dà bí ohun ìṣeré ọmọdé, ẹni tó ń wò ó kò sì ní lè sọ ìdí rẹ̀.

Mo máa ń ṣe pátákó ìdìmú fún un. Ẹ fi kọ́ńpáàsì fa àyíká tó fẹ̀ ní 90.5 sórí pátákó pẹlẹbẹ, kí ẹ pín in sí 14, ìyẹn dígírì 25.7 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lu ihò sí àárín gan-an fún ọ̀pá tó máa di họ́ọ̀bù mú. Ẹ wá lẹ káàdì nínípọn yí etí àyíká náà ká, títí etí á fi ga ju àárín lọ ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta. Orí pátákó yìí ni kẹ̀kẹ́ méjèèjì á ti jáde, nítorí náà wọ́n á bára mu.

Họ́ọ̀bù ló kàn. Ẹ yí i láti ara igi róbótó, kí ẹ sì wé pépà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sàmì síbi tí etí pépà ti pàdé, kí ẹ tú u. Gígùn tó máa jáde kò ní bá nọ́ńbà kankan dọ́gba, ẹ sì gbọ́dọ̀ pín in sí ọ̀nà 14. Ẹ fa ìlà méjì tó dúró lọ́gbọọgba sórí ìwé, kí àyè tó wà láàárín wọn jẹ́ gígùn pépà yẹn gẹ́lẹ́. Ẹ gbé rúlà dábùú wọn, kí òdo wà lórí ìlà kan, kí mìlímítà 70 sì bọ́ sórí ìkejì. Ẹ fi píìnì sàmì sí gbogbo mìlímítà márùn-ún, kí ẹ fa ìlà gba inú àmì kọ̀ọ̀kan ní lọ́gbọọgba pẹ̀lú ìlà méjì àkọ́kọ́. Àyè àárín wọn ti di 14 tó dọ́gba, láìsí ìṣirò kankan. Ẹ gbé pépà lé e, ẹ da àmì náà sórí rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ họ́ọ̀bù, kí ẹ fi ẹnu dírìlì mìlímítà 1.5 lu ihò sí ojú àmì kọ̀ọ̀kan.

Igi wo la máa lò? Ojúlówó jẹ́ igi oak, ẹ má lò ó. Ìlà inú oak tóbi jù fún 1:16, ojú á rí i bíi pé láti ara igi ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ gbogbo àgbá náà. Igi pear ni mo fẹ́ràn, nítorí ara rẹ̀ dọ́gba, ọ̀bẹ sì ń gba inú rẹ̀ láìfà á ya. Boxwood dára fún sípóòkù. Basswood rọ̀ jù fún sípóòkù, ṣùgbọ́n ó lè gbà fún ìjókòó.

Ẹ gbẹ́ sípóòkù 34, kí ẹ mú 28 tó dára jù. Sípóòkù kì í ṣe ọ̀pá róbótó. Ó nípọn nídìí họ́ọ̀bù, ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sí etí, bí ẹ bá sì gé e ní ìdábùú, ojú ibi tí ẹ gé rí bí ẹyin. Mo gbẹ́ ihò onírísí yẹn sára idẹ pẹlẹbẹ kan, mo sì ń fa igi gba inú rẹ̀ títí yóò fi dọ́gba. Bí ọwọ́ bá ti mọ ọ́n, sípóòkù kan kì í pẹ́.

Igi etí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá ọ̀nà àbùjá, wọ́n á gé gbogbo etí kẹ̀kẹ́ lódindi láti ara pátákó kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ibi méjì lára àyíká náà, ìlà igi á gba ìdábùú, ibẹ̀ ló sì máa ṣẹ́. Ìyẹn nìkan kọ́, ojúlówó ní oríkèé méje, oríkèé wọ̀nyí sì hàn sí ojú. Ẹ gé igi méje, dígírì 51.4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìlà igi gba gígùn wọn, kí oríkèé kọ̀ọ̀kan sì bọ́ sí àárín sípóòkù méjì. Kí igi etí jẹ́ 89.5 ní fífẹ̀ lápapọ̀, torí irin ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ẹ kọ́kọ́ tò ó láìfi gọ́ọ̀mù kankan sí i. Ẹ ki sípóòkù sí họ́ọ̀bù ní méjì-méjì tó kọjú síra, kó má bàa fa họ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ẹ ti igi etí wọlé láti ìta. Bí gbogbo rẹ̀ bá jókòó, ẹ tú u, kí ẹ tún un tò pẹ̀lú gọ́ọ̀mù funfun ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ kíákíá kò ní fún yín láyè láti tún ohunkóhun ṣe.

Irin etí ni idẹ pẹlẹbẹ tó nípọn ní ìdajì mìlímítà. Gígùn rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 282.7. Ẹ fi òjé jó ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó di òrùka, kí ẹ fáìlì ojú oríkèé náà títí kò fi ní hàn mọ́. Òrùka náà gbọ́dọ̀ fún díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná mú un gbóná dáadáa, ẹ fi ẹ̀mú gbé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́. Á wọlé, á tutù, á sì fún kẹ̀kẹ́ yín pọ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń ṣe é. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yìí ju gbogbo ìyókù iṣẹ́ náà lọ, nítorí ìgbà náà ni igi kéékèèké wọ̀nyí máa ń di kẹ̀kẹ́ lójú èèyàn.

Ìjókòó

Ìjókòó àgbá yìí jẹ́ ìrù kan ṣoṣo tó gùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ onígi méjì sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ láti gba apá ìbọn, ìyẹn kókó róbótó méjì tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn. Àwọn ará Faransé ló wo ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀, Amẹ́ríkà sì wo ti Faransé. Àgbá Faransé àtijọ́ tí ọ̀gágun Gribeauval tún ṣe ní 1765 yàtọ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì gígùn ni tiwọn, tó lọ láti iwájú dé ilẹ̀ lẹ́yìn, tí igi kéékèèké sì so wọ́n pọ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ìrù kan ṣoṣo fúyẹ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n lè yí àgbá sọ́tùn-ún sósì ní kíá.

Igi méjì tí wọ́n fi bóòtù so pọ̀ ni ìrù náà, ìlà oríkèé sì hàn ní àárín rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ẹ fi igi méjì ṣe tiyín náà. Láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìrù, wọ́n fi irin róbótó pẹlẹbẹ sí i kí igi má bàa fara kanra, kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, kí omi má sì jẹ ẹ́. Àyè tó fi sílẹ̀ kéré púpọ̀ ní 1:16, ṣùgbọ́n ìlà òkùnkùn tó wà níbẹ̀ ló ń fi hàn pé igi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Láti ìparí ìrù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í to irin. Òrùka ńlá tó wà níbẹ̀ ló ń kọ́ ìkọ́ kẹ̀kẹ́ iwájú tí ẹṣin mẹ́fà ń fà, ó ń ru ẹrù gan-an, nítorí náà ẹ jẹ́ kó nípọn. Ọwọ́ irin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ti ń gbé e sókè kúrò nílẹ̀. Òrùka méjì mìíràn wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pá gígùn tí ẹni tó ń fojú sun ìbọn fi ń darí rẹ̀. Síkúrù ńlá tó ní ọwọ́ mẹ́rin wà lábẹ́ ìdí ìbọn, òun ló ń gbé e sókè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe síkúrù yìí láti ara bóòtù kékeré gidi tí eyín rẹ̀ tín-ín-rín, èyí tí eyín rẹ̀ tóbi kò bójú mu rárá.

Lórí bóòtù, ẹ má ṣe jẹ́ kí orí wọn tóbi jù. Píìnì idẹ tí orí rẹ̀ róbótó dára púpọ̀, ẹ fáìlì orí náà kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Ìdí bóòtù tó jókòó sórí igi máa ń ní irin pẹlẹbẹ lábẹ́, kó má bàa jẹ igi. Ẹ fi irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń luhò sí ìwé lù ú jáde láti ara pépà líle, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ kíákíá, á le bí irin. Bí ẹ bá lo síkúrù gidi níbikíbi, kó má ṣe jẹ́ èyí tó ní àmì àgbélébùú lórí: 1936 ni Henry F. Phillips gba ìwé-àṣẹ fún un, ọdún méjìléláàádọ́rin lẹ́yìn 1864. Ẹni tó mọ̀ á rí i láti òkèèrè.

Ọ̀pá ìbọn

Idẹ ni ojúlówó, bàbà tó tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, tánńganran ni ìyókù. Ọ̀pá idẹ tó wà lọ́jà fún léètì, ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan kí a lè gé e róbótó, sún mọ́ àwọ̀ rẹ̀ tó, ìyẹn ló fà á tí mi ò fi ń lo igi fún ọ̀pá ìbọn bí mo bá lè yẹra fún un. Ẹni tí kò ní léètì lè fi igi boxwood sí ẹnu dírìlì tí wọ́n dè mọ́ tábìlì, kó máa fi fáìlì àti sáńpépà yí i, kó sì kùn ún lẹ́yìn náà. Á gba sùúrù, ṣùgbọ́n á ṣeé ṣe.

Lórí léètì, ihò ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ lu, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìta. Ihò dírìlì máa ń yà díẹ̀ bó ṣe ń jìnnà. Bí ẹ bá lu ihò ṣáájú, tí ẹ sì fi ihò náà di ọ̀pá mú ní òpin kejì, ìta tí ẹ ń gé máa yí ihò ká dọ́gba, ẹnu ìbọn kò sì ní nípọn ní apá kan ju ìkejì lọ. Kí ihò náà má ju mìlímítà 45 lọ ní jíjìn. Ẹ má sì lu ihò iná orí ìdí rẹ̀ títí yóò fi bá a pàdé. Ẹnu dírìlì kan díẹ̀ péré ti tó. Ẹ̀dà tí ihò iná rẹ̀ wọ inú lè gba ẹ̀tù, ó lè yìn, ó lè fọ́ mọ́ ọwọ́ ọmọdé, òfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì kà á sí ìbọn. Ìtó mìlímítà 45 náà tún dára fún apá ìbọn: ọ̀pá kan ṣoṣo lẹ lè gbà kọjá ní ìdábùú fún apá méjèèjì, lẹ́yìn ibi tí ihò parí sí, ẹnikẹ́ni tó bá yọjú wo inú ẹnu kò sì ní rí i.

Àwọn apá yẹn kò sí ní àárín gẹ́lẹ́. Wọ́n gbé wọn sí ibi tí ìdí ìbọn á ti wúwo ju ẹnu lọ díẹ̀, kó lè máa jókòó sórí síkúrù ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí tiyín bá ń dorí kodò níwájú, ibì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ padà wò.

Ẹ gé àwòrán ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn náà sára káàdì líle, kí ẹ máa gbé e tì í bí ẹ ti ń gé. Ẹ̀gbẹ́ Napoleon kò ní òrùka ọ̀ṣọ́ bíi ti àgbá àtijọ́. Ó ń tín-ín-rín lọ láìdúró, ó wá tún wú díẹ̀ ní ẹnu. Ẹ̀wà rẹ̀ wà nínú ìtín-ín-rín yẹn, ẹ má sì fi sáńpépà pa etí rẹ̀ rẹ́. Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń yẹ iṣẹ́ mi wò. Ojúlówó wúwo ní pọ́n-ùn 1,227, nǹkan bíi kílò 557. Ní 1:16, a máa pín in sí 4,096, ìyẹn 16 lọ́nà 16 lọ́nà 16, á sì di gíráàmù 136. Nítorí pé ihò tiwa kúrú, idẹ kún inú rẹ̀ sí i, nǹkan bíi gíráàmù 150 ló yẹ kí ìwọ̀n ká. Bí ó bá lọ sí 180, ọ̀pá ìbọn yín ti sanra jù níbì kan.

Kí ẹ tó gé e, ẹ pinnu ìhà tí ẹ ń ṣe. Ẹnu tó wú jẹ́ ti àríwá. Púpọ̀ lára ti gúúsù kò wú lẹ́nu rárá, ó lọ tààrà. Nígbà tí gúúsù pàdánù ibi ìwakùsà bàbà ní Ducktown, Tennessee, ní òpin 1863, bàbà tán lọ́wọ́ wọn, ilé-iṣẹ́ Tredegar ní Richmond wá ń fi irin dídà rọ Napoleon, wọ́n sì fi àmùrè irin tó nípọn dì í nídìí kó má bàa bẹ́. Èyí ni ẹ máa kùn ní dúdú. Ti àríwá ní ìkọ̀wé lójú ẹnu: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́, ọdún, ìwọ̀n rẹ̀, àti lẹ́tà orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́tà U.S. sì wà lórí ọ̀pá. Ames ní Chicopee, Revere Copper Company àti Cyrus Alger ní Boston wà lára àwọn tó rọ ọ́. Mo ń tẹ ìkọ̀wé náà sórí pépà tó ń bọ́ lára nínú omi, mo sì ń gbé e síbẹ̀. Ẹ yan àgbá kan pàtó tó ṣì wà, kí ẹ kọ nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an.

Ọ̀dà

Dúdú ni gbogbo irin lára ìjókòó, àwọ̀ ewé olífì sì ni igi. Ọ̀dà olífì wọn kì í ṣe ti ọkọ̀ ogun àgbáyé kejì. Ìyẹ̀fun erùpẹ̀ yẹ́lò, dúdú èéfín àtùpà díẹ̀ àti òróró linseed ni wọ́n fi ń po ó, nítorí náà yẹ́lò ló borí nínú rẹ̀. Ẹ fi yẹ́lò erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa kán dúdú sí i díẹ̀díẹ̀. Á yà yín lẹ́nu bí dúdú àti yẹ́lò ṣe ń di àwọ̀ ewé fúnra wọn. Ẹ fi funfun díẹ̀ là á, torí ohun kékeré máa ń dúdú lójú ju ohun ńlá lọ. Irin náà, ẹ má ṣe fi dúdú tó mọ́ kùn ún, ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú díẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta dípò kíki lẹ́ẹ̀kan, kí ọ̀dà má bàa bo orí píìnì tí ẹ fi gbogbo sùúrù yẹn ṣe.

Idẹ ọ̀pá ìbọn, ẹ má kùn ún. Ẹ fi ọwọ́ nu epo kúrò lára rẹ̀ kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á pọ́n rúsúrúsú fúnra rẹ̀. Ẹ má sì fi àwọ̀ ewé tí ẹ rí lára àgbá inú ọgbà kùn ún. Àwọ̀ ewé yẹn jẹ́ iṣẹ́ òjò ọ̀pọ̀ ọdún. Àgbá tí wọ́n rọ ní 1862, tó wà lójú ogun ní 1863, jẹ́ idẹ pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹnu rẹ̀ sì ti dúdú nítorí ẹ̀tù. Ẹrẹ̀ máa ń dé họ́ọ̀bù, ó sì máa ń bo ìparí ìrù, torí ibẹ̀ ló ń sinmi lórí ilẹ̀. Ọwọ́ irin méjì ẹ̀gbẹ́ ìrù máa ń dán.

Irinṣẹ́ àwọn ọmọ ogun

Èyí kò gba àkókò púpọ̀. Ọ̀pá ìkìbọn ní orí méjì: orí kan fún títi ẹ̀tù àti ọta wọlé, èkejì tí wọ́n fi awọ àgùntàn onírun bò, tí wọ́n ń rẹ sínú omi láti pa iná tó bá kù nínú ìbọn. Korobá omi irin kékeré ń rọ̀ lábẹ́. Ọ̀pá mìíràn ní irin lílọ́ lórí fún fífa àjẹkù aṣọ ẹ̀tù jáde. Bí ẹ bá ń ṣe àpótí ọta náà, ọta 32 ló ń gbà, ìdérí rẹ̀ sì jẹ́ bàbà pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn kí òjò má bàa kan ẹ̀tù.

Okùn ló kẹ́yìn. Okùn ìfà tí wọ́n ń wé mọ́ ìkọ́ méjì lórí ìrù gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26 àti ínṣì 7, nǹkan bíi mìlímítà 506 lọ́wọ́ yín. Òwú aṣọ kò dára, irun rẹ̀ máa ń yọ. Ẹ lọ́ òwú linen mẹ́ta pọ̀, ẹ fà á gba ara ìda oyin, kí ẹ sáré fi í kọjá lórí iná kí irun tó kù jó. Ẹ wé e mọ́ ìkọ́ méjèèjì, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun tí ẹ ti fi omi là kán an. Kí ó tó gbẹ, ẹ fi ìka tẹ gbogbo ibi tó bá ń ga sókè wálẹ̀ sára igi. Ojúlówó okùn wúwo, kì í dúró sí afẹ́fẹ́. Ẹ fi píìnì dì í mú níbi tó bá ń kọ̀, kí ẹ yọ píìnì náà lọ́jọ́ kejì.